Ẹ Kọ́kọ́ Tẹ̀lé Èèrà Náà

Ẹ gbé agolo fílíìtì yẹn kalẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò sọ pé kí ẹ má pa èèrà. Èmi náà ti pa èyí tí kò lóǹkà láyé mi, mi ò sì sunkún ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹ kàn jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lórí ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, kí n sì sọ bí Mojísọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nínú ilé tó mọ́ tónítóní, níṣojú gbogbo wa. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹni tó bá ṣì fẹ́ fín nǹkan, kó fín in.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ní Kétu, ó lè máa ṣe yín bíi pé ibí ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ilé onípáànù gbọọrọ kan ló wà níbí nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó dé láti ìpínlẹ̀ Ògùn, tí mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Ìkòsí. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á láàárín. Ilé ìdáná kan ni gbogbo wa ń lò lẹ́yìnkùlé. Kànga kan, balùwẹ̀ kan tí a fi páànù yí ká, ṣáláńgá kan. Bí o bá lọ wẹ̀, gbogbo ilé mọ̀. Bí ọbẹ̀ rẹ bá jóná, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á ti kí ọ kú ewu kí o tó sọ ìkòkò kalẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń sú mi nígbà mìíràn. Mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní ilẹ̀kùn kan tí mo lè tì, kí n wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú balùwẹ̀ tèmi. Ọlọ́run gbọ́. Àdúrà tó gbà náà ló ń bà mí lẹ́rù báyìí.

Èèrà ni ayálégbé tó pẹ́ jù lórí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n wó ilé onípáànù náà, tí Fẹ́mi ọmọ mi àti àwọn mélòó kan pawọ́ pọ̀ kọ́ èyí, gbogbo ènìyàn ló kó jáde. Àwọn nìkan ni kò kó lọ síbì kankan. Táìlì tó ń dán yìí, orí ilé wọn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni ti aláǹgbá. Èèrà kì í dúró kí ògiri lanu. Ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà, ojú títì ni lójú tirẹ̀.

Etí mi ṣì ń gbọ́ àárọ̀ ìgbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọkọ̀ ńlá tó kó tòmátì àti ata láti Òkè Ọya á ti máa kùn lọ sí Máìlì 12. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró ìgbálẹ̀, ṣà, ṣà, ṣà, nítorí Alájà, tó ń ta àlùbọ́sà ní àpò-àpò lọ́jà, kì í jáde kó tó gbá iwájú yàrá rẹ̀ àti iwájú tiwa mọ́ ọn. Garawa á wá balẹ̀ nínú kànga, gbòlà. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ kànkàn-kànkàn láti yàrá dé yàrá. Àwọn ọmọ ló ń fọ agolo ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé agolo náà, nítorí mo rí i pé ẹ ń wo ara yín. A ò ní fìríìjì nígbà yẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù onígi la ní, tí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kí eṣinṣin má sì wọlé. Bàbá Káfíńtà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló kan tiwa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kan ilẹ̀. Inú agolo mílíìkì tó ti ṣófo la gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí, a ó rọ omi sínú agolo náà, a ó sì kán kẹrosíìnì díẹ̀ sójú omi. Èèrà á gùn dé etí agolo, á wo omi, á yí padà. Kò sí májèlé, kò sí òórùn tó ń fún ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lóde òní, kó rántí pé omi náà gbọdọ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí omi tó bá pẹ́ níbì kan, ẹ̀fọn á fi ṣe ilé ọmọ. Kí ìgò kẹrosíìnì sì jìnnà sí ọmọdé. A kì í torí pé a ń lé èèrà, ká wá pe aburú mìíràn wọlé.

Ọdún Iléyá kan wà tí Alájà fún wa ní ẹran àgbò tó pọ̀. Mo dín in, mo tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì sùn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèrà ti bo ẹran náà bí ìgbà tí wọ́n da ata gígún sí i. Bẹ́ẹ̀, omi wà nínú agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ mi yí kọ́bọ́ọ̀dù náà po, ó so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn bí olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ẹnì kan nínú ilé yìí ti ṣe àìbìkítà." Alájà tó wá kí wa ló na ìka sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Táwẹ́lì ọkọ mi ni, tó fi kọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí etí rẹ̀ kejì kan ògiri. Orí táwẹ́lì náà ni àwọn ará ibí yìí ń gbà kọjá, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀.

Alájà pàtẹ́wọ́. "Èèrà ilé tíṣà náà kàwé o! Afárá ni wọ́n rí tí wọ́n gùn!"

Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ àìbìkítà mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ níbẹ̀ tí mi ò gbàgbé: bí o bá ti da omi yí ilé rẹ ká tí èèrà ṣì ń wọlé, má kàn máa da omi kún omi. Wá afárá.

Nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ, mo máa ń sọ fún wọn pé èèrà kì í ṣe orúkọ ẹnì kan, orúkọ ẹbí ni. Kí ẹ tó lè ṣẹ́gun wọn, ẹ ní láti mọ èyí tó wá kí yín. Èyí tó kéré jù, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà àárọ̀, adùn ló ń wá, ṣúgà, oyin, ohun mímu tó dà sílẹ̀. Èyí tó dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tó ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀, òkú nǹkan ló sábà ń bá kiri, aáyán tó kú, ẹyin ọmọńlé tó fọ́. Bí ẹ bá rí èyí tí orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, tó ń kó iyanrìn kúnná jáde nídìí ògiri, òróró àti èérún oúnjẹ ni tirẹ̀. Tanpẹ́pẹ́ tó ń ta èèyàn kì í tilẹ̀ gbé inú ilé, ara igi tàbí òdòdó ni ẹ ti gbé e wọlé. Ìjàlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fílíìtì. Bí ìyẹn bá dé, ẹ gbé ọmọ kí ẹ bọ́ síta. Ikán kò sì sí nínú ẹbí náà rárá, bí àwọn òyìnbó tilẹ̀ ń pè é ní èèrà funfun. Bí o bá mọ èyí tó wá, o ti mọ ohun tó wá wá. Ìdajì òògùn rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ilé onípáànù yẹn, òfin kan wà tí gbogbo wa ń pa mọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da eérú tàbí omi gbígbóná sí èèrà kí àwọn ọmọ tó tẹ̀lé e. Ohun tó fà á ni ìjà. Bí èèrà bá wọ yàrá rẹ, wàá ní ìdọ̀tí aládùúgbò rẹ ló fà á; òun náà á ní ìwọ ni o kì í fọ abọ́. Ìyàwó ilé méjì ti ya aṣọ mọ́ ara wọn lọ́rùn lórí èèrà kí a tó dé ilé náà. Nítorí náà, bí èèrà bá ti yọ, Alájà á pe àwọn ọmọ: "Ọlọ́pàá èèrà, ó yá, ẹ jáde!" Wọ́n á pín ara wọn sí méjì. Àwọn kan á tẹ̀lé ìlà náà padà síbi tó ti ń bọ̀, àwọn yòókù á tẹ̀lé e lọ síbi tó ń lọ. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi imú gbá ilẹ̀, aṣọ wọn á dọ̀tí, inú wọn á sì máa dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jábọ̀ nídìí kànga, níbi tí gbogbo wa ti ń fọṣọ.

Nígbà náà la ó tó ṣiṣẹ́. A ó mú ohun tí wọ́n ń jẹ kúrò, a ó fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà wọn dáadáa, nítorí òórùn ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tẹ̀lé. A ó da omi gbígbóná sí ihò, a ó wá fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí i. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́. Àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí o bá mú àǹjọ̀fẹ́ kúrò, kò pọn dandan kí o bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọjọ́ kan, àwọn pupa kékeré yẹn gba ẹ̀yìn balùwẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ̀lé wọn. Wọ́n sáré padà wá sídìí kànga, wọ́n ń lọgun: "Ìdí igi ìbẹ́pẹ ni! Ibi tí Bàbá Káfíńtà máa ń tọ̀ sí ni!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Káfíńtà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fá pákó. Ó ní, "Ṣé ìtọ̀ tèmi lẹ fẹ́ gbé lọ kóòtù báyìí? Ó dùn ju tiyín lọ ni! Ẹ lọ bá Ọlọ́run jà."

Ẹnu ọkọ mi ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ kúrò. Ìtọ̀ ṣúgà ló pa bàbá tó bí i. Ó wo Alájà, Alájà náà sì gbé aṣọ tó ń fọ̀ kalẹ̀.

"Káfíńtà," Alájà ní, "ẹ ti gbẹ láti ìgbà Ààwẹ̀ o. Mo rò pé ìyàwó yín ni ò sebẹ̀ mọ́."

"Èmi? Mò ń jẹun dáadáa. Omi nìkan ni mi ò mu yó. Mo lè fa garawa kan tán lórí ìdúró."

"Garawa yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni ọkọ mi wí.

Inú bí Bàbá Káfíńtà. Ó ní a kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ká máa ka ìtọ̀ àgbàlagbà. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jẹ́ kí ọkọ mi bá òun dé ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò yà wá lẹ́nu. Ó gba òògùn, ó fi ẹ̀bà tó máa ń jẹ lọ́sàn-án sílẹ̀, ó sì pẹ́ láyé títí tó fi jó níbi ìgbéyàwó Fẹ́mi. Àwọn dókítà òun ló ń pe àwọn èèrà náà títí tó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe níhìn-ín, kí ẹ má baà gbé e lọ sílé lódìlódì. Èèrà kì í ṣe dókítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àrùn yìí ń bá fínra tí èèrà kan ò yà sọ́dọ̀ wọn rí. Èèrà sì lè kún balùwẹ̀ rẹ nítorí ọṣẹ, nítorí òkú aáyán, nítorí omi lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbéèrè ni èèrà máa ń bi èèyàn. Ilé ìwòsàn ni ìdáhùn wà. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà yẹn, a máa ń gbọ́ ìbéèrè náà.

Ẹ wá wo ìsinsìnyí. Ní òpópónà yìí, ẹni tó ń ta òògùn kòkòrò gbé gbohùngbohùn sórí bárò, ohùn kan náà ló ń jáde níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: òògùn èèrà, òògùn aáyán, òògùn ìdun, òògùn ekú. Ó ń pè wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè pé èèrà wo. Ẹ ó ra òtàpíápíá, ẹlòmíràn nínú yín á rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, ìyẹn sì burú jọjọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ó fín in, èèrà á kú, ẹ ó gbá a dànù. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n á tún dé, ẹ ó tún fín in. Mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo fúláàtì ilé yìí.

Yétúndé, ìyàwó Fẹ́mi, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ̀síwájú. Ó mọ́ tótó, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni méjì. Ṣọ́ọ̀bù ohun mímu ló ní lójú ọ̀nà Ìkòsí, páálí mọ́ọ̀tì àti míńírà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúláàtì wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí wọ balùwẹ̀ Mojí. Láàárọ̀, kí ọmọ náà tó lọ ilé ìwé, mo máa ń gbọ́ ìró fílíìtì, ṣíọ̀ọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀.

"Mojí, ta ló ń mu mọ́ọ̀tì nínú balùwẹ̀?"

"Kì í ṣe èmi, Mọ́mì."

"Ṣé èèrà ló wá ń parọ́ mọ́ ọ ni?"

"Mọ́mì, mi ò mu nǹkan kan."

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sílé, ọmọ tó ti fi í sílẹ̀ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ ní mọ́ọ̀tì tó ń jí mu ló ń jáde yẹn. Bàbá rẹ̀ ní kó má mu omi mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ọmọ náà ń bẹ̀ wọ́n pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n ní ọyẹ́ ló dé, gbogbo ayé ni òǹgbẹ ń gbẹ. Ó rù, a ní ó ń ga ni. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yàrá mi, èyí tó pọ̀ jù ni mi ò gbọ́. Ilẹ̀kùn ń bẹ, ẹ̀yin ọmọ mi. Balùwẹ̀ tèmi wà nínú yàrá tèmi, tiwọn wà lọ́dọ̀ wọn. Nínú ilé onípáànù, Alájà ì bá ti rí ìgbà tí ọmọ náà ń dìde lóru. Ìbá ti sọ ọ́ nídìí kànga kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo wa ìbá sì ti bínú sí i pé ó ń dá sí ohun tí kò kàn án.

Páìpù balùwẹ̀ mi ló bẹ́. Bí mo ṣe wọ balùwẹ̀ Mojí láàárọ̀ Sátidé kan nìyẹn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì mi lọ́wọ́. Mo rí wọn. Àwọn pupa kékeré ni, lórí ìlà tó gún régé. Mo bọ́ gíláàsì sójú, mo rọra bẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ̀lé wọn bí àwọn ọmọ ọjọ́sí. Ìdí ìlà náà wà lábẹ́ fèrèsé, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti yẹ̀. Orí rẹ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí etí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Èkejì lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì Mojí wà, tí wọn ò tíì fọ̀. Mo jáde lọ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí páálí mọ́ọ̀tì tò sí. Èèrà kan ò yà síbẹ̀.

Yétúndé dé, fílíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ jáde díẹ̀. Mo fẹ́ fín in."

"Dúró ná. Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Níbo ni èèrà ń lọ, Mọ́mì? Ibi tó bá wù wọ́n ni."

"Èèrà kì í lọ síbi tó wù ú lásán, ìyàwó mi. Bẹ̀rẹ̀ kí o wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. "Aṣọ tí Mojí tọ̀ sí ni."

"Kí ló wà nínú ìtọ̀ ọmọdé tí àwọn èèrà adùn yìí ń wá?"

"Mo ti ń sọ ọ́ fún yín, Mọ́mì. Mọ́ọ̀tì tó ń jí mu ni."

"Ṣé ọjà rẹ kò pé ni?"

Ó yíjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oníṣòwò ni, ó mọ ọjà rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó pé, Mọ́mì. Kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ wà ńkọ́?

A wọ yàrá ọmọ náà. Ó ṣì ń sùn, oorun náà kò sì dà bí oorun. Ó ti bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Èémí rẹ̀ ń jìn, ó ń yára, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti èso tó ti pọ́n kọjá. Fẹ́mi dé, ó fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ó ní, "Ibà ni. Ẹ jẹ́ ká lo òògùn ibà ná, bó bá di Mọ́ńdè..."

"Olúwafẹ́mi, mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Mi ò tíì pè é ní odidi orúkọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ilé ìwé. Ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ ní ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ náà kò lè kà á. Ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ju èyí tí wọ́n kọ́ ọ láti kà lọ. Dókítà bi wá pé ìgbà wo la fẹ́ gbé e wá tẹ́lẹ̀. Fẹ́mi ní, "Mọ́ńdè." Dókítà náà wò ó, ó yíjú sí ọmọ náà. Ìwò yẹn ló dáhùn. Títí di ìsinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Mọ́ńdè nínú ilé wa, ẹ ó rí i pé ojú Fẹ́mi á lọ sílẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni Yétúndé ń tún sọ. Kì í ṣe lórí mọ́ọ̀tì. "Omi, Mọ́mì. Mo gba omi lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀pù dání, mo sì gbà á." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mojí yè. A dúpẹ́, a ò sì dẹ́kun ọpẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń gbà báyìí lójoojúmọ́, bó sì ṣe máa rí láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń gún un fúnra rẹ̀. Òògùn náà kì í fẹ́ ooru. Nígbà tí iná bá lọ tó pẹ́, inú àmù kékeré tí mo fi iyanrìn tútù yí ká la máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, dókítà sì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá mi kì í tì mọ́ ní tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níjẹta ló jẹ́ kí n pè yín jókòó.

Níjẹta, láàárọ̀, mo gbọ́ igbe Mojí láti balùwẹ̀. A sáré lọ. Ó dúró mọ́ ògiri, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, èèrà ń lọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì lanu rárá.

"Mi ò mu nǹkan kan o!" ni ọmọ náà ń wí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mu nǹkan kan!"

Yétúndé jókòó sórí táìlì tó tutù, pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ mi, mo mọ̀. Wá, jẹ́ ká tẹ̀lé wọn."

Ọmọ náà kọ́kọ́ na ìka rẹ̀ síwájú fún ẹ̀rọ ṣúgà tí a ti rà sílé, ká tó bèèrè. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára. Nígbà náà ni àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀. Àwọn dúdú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, Mojí sì ń fi ìka tọ́ka wọn lọ títí dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Aáyán ni!" ó kígbe pè mí. "Mámà, ẹ wá wò ó, aáyán tó kú ni!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sáré lọ mú ìgbálẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ọmọ náà dúró sí nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́.

Ó dáa. Ẹ fi agolo yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Èèrà tó wà lórí tábìlì yín yìí, ta ló ti rí ibi tó ń lọ?